A kì í fárí lẹ́yìn olórí: Ó yẹ kí aláìsàn ọkàn lóhùn nínú ìtọ́jú ara rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà fi ń pinnu oògùn tí aláìsàn ọkàn yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Dókítà á kọ oògùn, aláìsàn á dúpẹ́, á gba ìwé, ó di ilé.

Àmọ́ ìpinnu kò tíì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá dé kẹ́mísì tó gbọ́ iye owó lè ra oògùn méjì nínú márùn-ún. Ìyá ọlọ́jà tí wọ́n fún ní furosemide, oògùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀ léraléra, kò ní lò ó lọ́jọ́ ọjà nítorí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí lisinopril ń mú kó máa wúkọ́ lóru á pa á tì, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí fi hàn pé kò sí bí aláìsàn kò ṣe ní dá sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Ohun tó kù ni bóyá ojú dókítà ni yóò ti ṣe é, àbí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà àbáyọ wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà lè wá oògùn tí owó rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó lè yí àsìkò tí ìyá ọlọ́jà ń lo oògùn padà. Oògùn mìíràn, bíi losartan, wà tí kì í sábà fa ikọ́. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè tún ohun tí kò gbọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti arúgbó nìkan. Ìwádìí kan láàárín aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012, fi hàn pé nǹkan bí ọdún 52 ni ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn nítorí pé ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á jù lọ. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ilé nìyẹn.

Nígbà tí ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ

Ẹ wo ọ̀rọ̀ fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Ká ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún obìnrin ẹni ọdún 24. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe máa ń pẹ́, àmọ́ yóò máa lo warfarin títí ayé, yóò sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé. Bó bá lóyún, oògùn yìí lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ léṣe. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe kò nílò warfarin títí ayé, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, pàápàá lára ọ̀dọ́. Iṣẹ́ abẹ mìíràn lè tún dé.

Ṣé ó fẹ́ bímọ? Báwo ni ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlú rẹ̀ tó? Ta ni yóò sanwó iṣẹ́ abẹ kejì? Kò sí ìdáhùn wọ̀nyí nínú ìwé ìṣègùn kankan. Ẹnu obìnrin náà ló wà.

Bákan náà ni ti àwọn tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn wọn ti há, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe pàjáwìrì. Ìwádìí ISCHEMIA, tó kó aláìsàn 5,179 jọ ní orílẹ̀-èdè 37, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, rí i pé títètè la iṣan tàbí ṣíṣe iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn lọ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àmọ́ àwọn tí àyà ń dùn léraléra rí ìtura sí i. Ẹbí tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ yẹ kó gbọ́ apá méjèèjì.

Òfin wà, àṣà ló kù

Abala 23 òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn nípa àìsàn rẹ̀, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó wọn, ní èdè tó yé e bó bá ṣeé ṣe. Ó tún ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú. Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àwọn dókítà yóò ní àkókò kò sí, òótọ́ sì ni. Èrò pọ̀, dókítà ń lọ sókè òkun. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lo ìwé pélébé alálàyé fún àwọn tí àyà ń dùn tí ewu wọn kéré. Nínú 100, 37 lára àwọn tó lo ìwé náà ni wọ́n dá dúró fún àyẹ̀wò síwájú sí i. 52 ni láàárín àwọn tí kò lò ó. Àkókò tó fi kún iṣẹ́ dókítà kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn aláìsàn kan náà yóò sọ pé, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù." Ẹ̀tọ́ wọn ni láti fi ìpinnu lé dókítà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ àlàyé ni. Ọmọ tó ń sanwó náà lè wà níjòókòó, àmọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Pàjáwìrì nìkan ni kò fàyè sílẹ̀ fún àsọyé.

Ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn ṣe kò wọ́n. Kí wọ́n tẹ ìwé alálàyé alápèjúwe ní Haúsá, Ígbò, Yorùbá àti Píjìn. Kí nọ́ọ̀sì ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Kí wọ́n dárúkọ owó kó tó kúrò níwájú wọn.

Kí dókítà sì bi í pé, "Kí ló lè mú kó ṣòro fún yín láti lo oògùn yìí?" Bí kò bá bèèrè, kẹ́mísì ni aláìsàn yóò ti dáhùn.