Àwòrán Orí Bébà Kì í Ṣe Aṣọ Ojoojúmọ́

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi kan àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri àgbáyé: wọ́n ní ohun tí wọ́n kó pamọ́ sínú àpótí pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbé síta fún aráyé wò lọ. Ní ti ère onígi, ère idẹ tàbí ìkòkò amọ̀, ẹ̀sùn náà lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ti àwòrán tí wọ́n yà tàbí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Inú òkùnkùn ni irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ti ń pẹ́ láyé. Ẹni tó bá fi í sára ògiri láti ọdún dé ọdún, píparun ni ó ń pa á run díẹ̀díẹ̀.

Ọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí ń jẹ́ Henry Vaughan mọ èyí dáadáa. Nígbà tó kú ní ọdún 1899, ó fi àwòrán 38 tí J.M.W. Turner fi ọ̀dà olómi yà sórí bébà sílẹ̀ fún ilé àwòrán ìjọba tó wà ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ó fi 31 mìíràn sílẹ̀ fún ti ìlú Dublin. Àdéhùn tó so mọ́ ẹ̀bùn Edinburgh ni pé oṣù Ṣẹ́rẹ́ nìkan, tí í ṣe oṣù kìn-ín-ní ọdún, ni kí wọ́n máa kó gbogbo wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wò wọ́n. Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, aago mẹ́jọ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ ní Edinburgh, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìmọ́lẹ̀ kò lágbára nígbà náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, àwọn ará Edinburgh ṣì ń retí àwòrán Turner ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ bí ará ìlú ṣe ń retí eégún ọdọọdún.

Kí Vaughan tó kú ni ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 1888, Walter Russell àti William Abney tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ọ̀dà olómi. Ẹ̀lú wà lára àwọn ọ̀dà tí kò lè dúró. Ìmọ́lẹ̀ kì í pa àwòrán lójú ẹsẹ̀. Gbèsè ni ó ń kó jọ. Wákàtí mẹ́wàá lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kékeré kò yàtọ̀ sí wákàtí kan lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó fi ìlọ́po mẹ́wàá lágbára jù ú lọ. Àwọ̀ tó bá sì ti ṣá, kò sí oníṣègùn bébà tó lè dá a padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù kì í fi í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí 50 lux lọ, nígbà tí oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà. Ẹ̀lú yìí kan náà ni wọ́n fi ń pa òwú ẹtù láró, kò sì sí ìyá àgbà tí í wọ ẹtù, sányán tàbí àlàárì lọ sí oko. Ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ ìnáwó ni ojú ń rí wọn, kò sì sí ẹni tó ń pe ẹni tó ni wọ́n ní ahun.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo láàárín ọdún 1962 sí 1964, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ulli Beier àti ẹgbẹ́ Mbari Mbayo ṣe agbátẹrù rẹ̀, ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ sórí bébà. Rufus Ògúndélé àti Adébísí Fábùnmi gbẹ́ àwòrán sára línólíọ̀mù, wọ́n sì fi íǹkì tẹ̀ ẹ́. Twins Seven-Seven, tó kú ní ọdún 2011, fi kálàmù àti íǹkì ya tirẹ̀. Lóde òní, púpọ̀ nínú iṣẹ́ Òṣogbo wà ní Iwalewahaus, ilé tí Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth, ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1981. Àwọn kan wá ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ wọ́n, nítorí pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá kò gba bébà.

Ìdajì òótọ́ ni. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ọjọ́ pípẹ́, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ikán wà, aáyán wà. Ṣùgbọ́n ṣé òjò nìkan ló ń ba àwòrán jẹ́? Fèrèsé tí wọ́n gbé e kọjú sí ńkọ́? Ògiri tútù tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ńkọ́? Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi dì í, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń sọ bébà di pupa rúsúrúsú, àti páálí olówó pọ́ọ́kú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ásíìdì inú rẹ̀ ń ràn, èwo nínú wọn ni ojú ọjọ́ fà? Ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá kì í ṣe ojútùú níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí yàrá bá tutù láàárọ̀ tó sì móoru lálẹ́, bébà á máa wú, á tún máa súnkì, ìyẹn sì lè burú ju ooru tó dúró sójú kan lọ. Aṣọ fèrèsé tó nípọn, àpótí tí kò ní ásíìdì, àyè díẹ̀ láàárín férémù àti ògiri, àti ẹni tó ń yẹ inú àpótí wò lóòrèkóòrè nítorí kòkòrò, àwọn wọ̀nyí ló ṣe kókó.

Olùkọ́ yóò béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá máa wò. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí àpótí tí wọn kì í ṣí láéláé kò sàn ju sàréè lọ. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tó fún ògiri kíláàsì. Bí ó bá ṣá, wọ́n á tẹ òmíràn. Ojúlówó ni kí wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tí yàrá náà fi ṣú díẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí òun fi ń wo àwòrán ń ná díẹ̀ lára ẹ̀mí rẹ̀ kò ní wò ó bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà.

Oṣù wo ni kó wá jẹ́ ní Òṣogbo? Àṣà Edinburgh kò ṣeé gbé wá ní gbígbé lásán. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ti gbẹ afẹ́fẹ́, èyí sì dára fún bébà, ṣùgbọ́n oòrùn le, eruku sì gba gbogbo ibi. Ní oṣù Ògún, tí ọdún Ọ̀ṣun ń mú èrò wọ ìlú, ìkùukùu a máa bo oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin pọ̀. Síbẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló sàn jù. Aṣọ fèrèsé lè dí ìmọ́lẹ̀, gíláàsì lè dí eruku; ọ̀rinrin ni kò ṣeé fi aṣọ dí.