Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Iṣẹ́ Tí Olúwa Tìtorí Rẹ̀ Dá Ìjọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo wa, láti orí àlùfáà títí dé orí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: kí ni iṣẹ́ tí Olúwa tìtorí rẹ̀ dá ìjọ Rẹ̀ sílẹ̀, ǹjẹ́ iṣẹ́ náà ni àwa sì ń ṣe?

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé ìwé ìṣirò owó kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọ kan fẹ́ràn, ẹ má ṣe fetí sí orin rẹ̀ nìkan. Ẹ ṣí ìwé owó rẹ̀ wò. Ẹ ó rí owó ọ̀dà, owó àga, owó aṣọ ẹgbẹ́, owó àsè ìkórè àti owó ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Èmi kò wí pé nǹkan wọ̀nyí burú. Ilé Ọlọ́run yẹ ní títọ́jú, ọpẹ́ sì ni ìkórè jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìlà tí a kọ owó iṣẹ́ ìhìnrere sí: owó ọkọ̀ ẹni tí yóò lọ sí abúlé, owó Bíbélì fún ẹni titun, owó oṣù olùkọ́ ìjọ tí ń ṣọ́ agbo kékeré lóko. Bí ìlà náà bá ṣófo, a jẹ́ pé aṣọ ni a ń rán fún ẹni tí ebi ń pa kú lọ.

Nígbà tí kò bá sí olùkọ́ ní abúlé, ìjọ ibẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọdé ni í kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ a gba ìlú lọ. Ní ìkẹyìn a ku ìyá àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí ń gbàdúrà lábẹ́ òrùlé tí ń jò. Ìjọ ìlú tí ó ra àga titun ní ọdún náà kì yóò tilẹ̀ mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ àlùfáà ni ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí a wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 11. Àwọn tí inúnibíni fọ́n ká ni ó mú ìhìnrere dé Áńtíókù, a kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìjọ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbìn ni ó yọ̀ǹda Bánábà àti Sọ́ọ̀lù fún iṣẹ́ òkèèrè ní orí 13.

Ní ilẹ̀ tiwa, ta ni kò mọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá? Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni, kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ní 1928. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ní Odò-Ọwá ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún. Ní 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì rọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìlú wa Ẹdẹ yìí ni ó ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, 1959. Ìlú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti parí eré ìje rẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ìlú tí àwọn Onígbàgbọ́ ti ń tòògbé.

Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ọmọ ti di àlùfáà. Ìyá ṣì wà nínú ìsìn àwọn baba rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pàdé ni ìyá ṣe ìrìbọmi. Ó di 1848 kí a tó ṣe é fún un. Bí ó bá gba ìyá Crowther tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí àwa fi ń bínú sí ẹ̀gbọ́n tí kò gbà wá gbọ́ ní ọjọ́ kan?

Ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni Tìmì Abíbù Lágúnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún; Onígbàgbọ́ ni Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975. Nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè máa gba ààwẹ̀ kí àbúrò sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọn sì jọ jẹun ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ń bú ìsìn ẹlòmíràn kò wàásù. Ilẹ̀kùn tí Kristi fẹ́ gbà wọlé ni ó ń tì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àlàáfíà ìlú bo ìtìjú ara rẹ̀. Ó tọ́ kí a bọ̀wọ̀ fún ọmọnìkejì wa. Ó sì tọ́ kí ó gbọ́ ohun tí Olúwa ṣe fún wa láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀.

Ẹ wo oko mìíràn tí Ọlọ́run gbé wá sí ẹnu-ọ̀nà wa. Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adélékè ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá sí Ẹdẹ láti ibi gbogbo. Àwọn kan gba yàrá sí àdúgbò wa, a sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ta ni ó ti béèrè lọ́wọ́ wọn bí ọkàn wọn ti rí?

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí wọn yóò máa gbàdúrà fún, tí wọn yóò sì máa bẹ̀ wò, títí di ìkórè tí ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ ìdámẹ́wàá owó aṣọ rẹ̀ fún ìjọ oko. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ sì máa béèrè pé, “Ta ni a tọ̀ lọ?” kí ó tó béèrè pé, “Èló ni ó wọlé?”

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùkọ́ Ìjọ, Ẹdẹ.