Kábéèjì: ẹ sè é lọ́bẹ̀, ẹ má fi ṣe dókítà



Ọ̀rọ̀ kábéèjì tún ti gba orí fóònù kan. Wọ́n ní kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú máa mu omi rẹ̀ láàárọ̀, kó pa oògùn dókítà tì. Àwọn mìíràn ní kí ẹni tó fẹ́ dín ara kù máa jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ nìkan fún ọjọ́ 7. Kábéèjì kò ṣẹ̀ o. Àwa la ń gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un.

Ti ọgbẹ́ inú yẹn ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní 1949, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Garnett Cheney, kọ ọ́ pé òun fún aláìsàn 13 ní omi kábéèjì mu, ọgbẹ́ wọn sì tètè jiná. Ènìyàn 13 péré, láìsí àwọn mìíràn tí a lè fi wọ́n wé. Ní 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà wá rí kòkòrò tó ń dá ọ̀pọ̀ nínú ọgbẹ́ yìí sílẹ̀. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2005. Oògùn apakòkòrò tí dókítà bá kọ ló ń pa á. Oògùn ara ríro tí a ń rà nínú mọ́tò náà sì ń dá ọgbẹ́ síni nínú. Kí inú máa ta èèyàn, kó máa ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kó wá jókòó ti ife omi kábéèjì ní Agbowó nígbà tí UCH kò jìnnà sí i, ẹ̀mí ló ń fi ṣeré.

Àmọ́ oúnjẹ gidi ni. Lásìkò tí òjò bá ti dá báyìí, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ máa ń wọ́n ní Bódìjà, ṣùgbọ́n kábéèjì ṣì ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, níbi tí òtútù ti bá a lára mu. Ó dé ọ̀dọ̀ wa tán, a rẹ́ ẹ ní tútù, nígbà mìíràn láìfọ̀ ọ́ dáadáa, a rọ kírímù lé e, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì òde àríyá.

Ẹ sè é. Ẹ se agolo ẹ̀wà kan ààbọ̀ títí yóò fi rọ̀, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Ẹ bó ewé òde kábéèjì kan sọnù, ẹ fọ ìyókù, ẹ gé e. Ẹ fi ṣíbí epo méjì din àlùbọ́sà, ẹ da ata àti tòmátì lílọ̀ sí i, atalẹ̀, aáyù, irú àti ẹja gbígbẹ. Bó bá jiná, ẹ da ẹ̀wà àti omi rẹ̀ sí i. Kábéèjì ló ń wọlé kẹ́yìn, bí ìṣẹ́jú 10 ti tó. Bó bá pẹ́ jù, á máa rùn, ọ̀pọ̀ fítámì C inú rẹ̀ á sì lọ. Èyí tó bá bọ́ sínú omi, ẹ ṣáà máa mu ún mọ́ ọbẹ̀ ni.

Ìjà tèmi pẹ̀lú àwọn ìyá wa ni ti màgí. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan. Ẹ ju màgí mẹ́rin sínú ìkòkò, ẹ tún bu iyọ̀ lé e, bàbá ilé sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Irú àti ẹja ti ní adùn tiwọn. Màgí kan tó, kí iyọ̀ dúró síta.

Ti ọjọ́ 7 yẹn, omi ara ló pọ̀ nínú ohun tó ń lọ. Ẹ bá padà jẹun, á padà.

Inú àwọn kan máa ń wú bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Kí wọ́n fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún ní warfarin, kó bi í léèrè kó tó máa jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, torí fítámì K inú rẹ̀ lè dí oògùn náà lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fi ti omi kábéèjì ránṣẹ́ sí yín.