Ọ̀nà Àwọn Agbẹ́gilére ni Kí Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Tọ̀

Nígbà tí oṣù Agẹmọ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti pa ìlẹ̀kùn dé, tí iṣu tuntun sì ti ń yọjú lẹ́bàá títì láti Òmù-Àrán dé Erúkù, ọ̀rọ̀ kan ní í máa ń gba ẹnu àwọn òbí tí Ọlọ́run fi owó díẹ̀ kẹ́: níbo ni a ó kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún yìí? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn yóò dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai. Ẹni tí ó bá ní òun yóò wà nílẹ̀ yìí, ọkọ̀ ni yóò gbé, yóò sáré láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Abúja, gíláàsì ọkọ̀ wà ní títì, ojú àwọn ọmọ wà lórí fóònù, wọn yóò sì la ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn kọjá bí ẹni pé igbó lásán ni ó wà láàárín ìlú ńlá kan sí èkejì.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọn kò sì sọ pé kí ẹni náà má wọ bàálù. Ṣùgbọ́n ìrìn kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí, pàápàá jù lọ àwa Èkìtì tí a bá Kwara lọ, máa mú àwọn ọmọ wọn rìn nígbà ọlidé. Ọ̀nà àwọn agbẹ́gilére ni mo pè é: láti Òdò-Ọwá dé Òsì, láti Òsì dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìlá Ọ̀ràngún, kí a sì fi àbọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo wa.

Òdò-Ọwá, nítòsí Ìlọ́fà, ni kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni Moshood Olúṣọ̀mọ̀ Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́, ẹni tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1885 tí ó sì papò dà ní 1975, tí ó gbẹ́ ẹpa, ère tí a ń gbé jó nígbà ọdún ìbílẹ̀, tí ojú kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Orí ènìyàn gidi ni a ń gbé ẹpa sí, a kì í fi í kọ́ ara ògiri. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò onígi tí a gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí a fi ojú sí níwájú àti lẹ́yìn, òun ni ó ń bo orí ẹni tí ó gbé e. Lókè ni jagunjagun gbé jókòó lórí ẹṣin, tàbí ìyá ọlọ́mọ tí ó pọn ọ̀kan tí ó sì gbé ọ̀kan lé ẹsẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà, onílù àti afunfèrè yí i ká, igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti jáde wá. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò jó, yóò sáré, yóò sì fò gun orí òkìtì; bí ó bá dúró ṣinṣin láìṣubú, a jẹ́ pé ọdún náà yóò tùbà yóò tùṣẹ fún ìlú. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí yóò fajú ro níhìn-ín; kí wọ́n jọ̀wọ́ rántí pé Moshood ni orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Òsì, ìlú Ọwálósì, ni ilé Aréogun, tí àwọn ìwé ń pè ní Aréogun ti Òsì-Ìlọrin nítorí pé abẹ́ Ìlọrin ni wọ́n kà wá mọ́ nígbà náà. Ìlẹ̀kùn, ọpọ́n Ifá, ẹpa, ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbi tí kò dé kí ó tó sùn ní 1954. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn àgbà oníṣẹ́ wọ̀nyí ń pín iṣẹ́ igi sí: ọ̀nà lílé, tí a fi ń fi àáké wá orí àti àyà láàárín ìtì igi, àlétúnlé, tí etí, imú àti ọwọ́ fi ń yọ, dídán, tí ara igi fi ń jọ̀lọ̀, àti fífín, tí ọ̀bẹ fi ń la irun orí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ilà ojú. Ọmọ tí ó bá fi ọ̀sán kan jókòó ti agbẹ́gilére, tí ó rí i pé ẹni tí ó bá kánjú fín ohun tí kò tíì dán yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ti rí ohun tí kò sí nínú fóònù tí a rà fún un.

Aréogun bí George Bándélé, Bándélé sì gba Ọ̀yẹ́ lọ, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, tí ọmọ agbẹ́pa ti ń gbẹ́ Màríà àti àwọn ọba mẹ́ta tí ó wá kí Jésù, tí ó sì ń fi adé ìlẹ̀kẹ̀ dé wọn lórí. Nígbà yẹn Kàdúná ni olú-ìlú àwọn tí ń ṣe àkóso Òsì, Ìbàdàn ni ti àwọn tí ń ṣe àkóso Ọ̀yẹ́. Òyìnbó fa ààlà, àáké fò ó kọjá. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, ọmọ agbẹ́gilére látayébáyé, ti wá kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́, tí ó fi di ẹni tí ó gbẹ́ ère Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni ọlọ́lidé yóò là kọjá, Kwara, Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ìran oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò sì máa tọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni ni pé ní 2022, yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan ṣoṣo, ayé sì wá wò ó. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Kí ni ọmọ Òdò-Ọwá tí kò ní ìwé ìrìnnà yóò rí? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tọ́jú ní ìletò, nítorí Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa, níbi tí àwọn ère òkúta tí ó lé ní 1,000 jókòó sí, ẹlòmíràn di idà mú, ẹlòmíràn dé fìlà, tí a sì ti kọ́ ilé fún wọn láti 1945, èyí tí í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn, Èsìẹ́ ni yóò wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún Òsì.

Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní oṣù kejì 2024 ni àwọn agbébọn wọ ààfin Kórò, tí wọ́n pa Olúkórò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Erúkù, wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó ènìyàn 38 lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ìlú méjèèjì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Òsì. Bí mo bá ní kí bàbá kan kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lónìí láìbi ará ilé nípa ọ̀nà, ọ̀tá ọmọ náà ni mo jẹ́. Nítorí náà ni n kò ṣe gba ti àwọn aláṣẹ tí ń pariwo ìrìn afẹ́ ní gbàgede ìgbàlejò Ìlọrin, tí wọ́n ń ya àwòrán òkè àti odò sára kàlẹ́ńdà, nígbà tí àgbẹ̀ ń bẹ̀rù àtilọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí kò dẹrùn fún ọmọ onílé, ẹ má pe àlejò sí i.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ìjọba fún àwọn ọdẹ wa ní owó oṣù àti ọkọ̀, nítorí àwọn ni ó mọ igbó náà. Kí ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà láti Òmù-Àrán dé Erúkù ní ọ̀sán àti òru. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, níbi tí Òsì wà, àti ti Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí Òdò-Ọwá wà, pa owó pọ̀ kọ́ ilé kan sí Òsì, tí àga, ìwé àti iná yóò wà nínú rẹ̀, tí agbẹ́gilére yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú ọmọdé, kí wọ́n sì kọ ìwé sí Yale pé kí wọ́n fi àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n pàtẹ ránṣẹ́ sílé. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun, tí wọ́n ń dá owó gọbọi fún ayẹyẹ ìlú lọ́dọọdún, lè fi ti ọdún kan ra pákó àti páànù ilé náà.