Gásíkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìwàǹwára ni mo lòdì sí. Nígbà tí omi dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì mọ́tò mi, tó rí bí ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo sáré rà. Oṣù kan kò pé tí òun náà fi jó. Ooru ti tẹ orí ẹ́ńjìnnì. N kò gbé irin títọ́ lé e wò kí n tó dé e padà. Bóòtù àtijọ́ tó ti nà ni mo tún lò, ọwọ́ lásán ni mo sì fi díwọ̀n líle wọn, láìlo sípánà tó ń ka ìwọ̀n, láìtẹ̀lé ètò àárín lọ sí etí. Owó ilé-ìwé ọmọ ló san àtúnṣe kejì. Rédíétọ̀ tó dí, tó dá gbogbo ooru náà sílẹ̀ (ẹ gbà mí o!), n kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.