GÌTÁ TÍ UWAIFO FI KỌ́KỌ́RỌ́ SADÍÌNÌ ṢE

Ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan létí Tin Can lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ló fi pákó àpótí ẹrù kan gìtá, ó sì fa wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ sí i lára. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan l'Ájégúnlẹ̀, gbọ́ sí i, ló bá já wọlé bí ìjì.

"Ọ̀gá, ṣé owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo san, alágbe lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi?" Ó gbá gìtá náà mú, ó ní òun máa fi dáná ẹja.

Ọ̀gá ní, "Ẹ farabalẹ̀ ná, Mọ́mì. Ṣé ẹ mọ Uwaifo?"

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún l'Ékòó á ti jó "Joromi" rí, kódà bí ò gbọ́ Ẹ̀dó. Benin ni wọ́n ti bí Victor Uwaifo ní March 1, 1941. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó ṣe gìtá tirẹ̀ àkọ́kọ́: pílíwúùdù ni ara rẹ̀, wáyà pàkúté ni okùn, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló tò sí i lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sadíìnì ló sì fi ń fa okùn le. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ nǹkan!

Ó wá kàwé ní St. Gregory's l'Ékòó, ó kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Yaba Tech, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó bá Victor Ọláìyá ṣeré, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Melody Maestros, sílẹ̀ ní 1965. "Joromi" ló fi là. Philips fún un ní àwo góòlù lórí ẹ̀.

Tó bá dé orí ìtàgé, ojú ò ní kúrò lára ẹ̀. Á fẹsẹ̀ ta gìtá, á fahọ́n ta á. Nígbà tó yá, ó gbé èyí tó ní ọrùn méjì àti okùn 18 jáde. "Sir" tí wọ́n ń pè é yẹn, kì í ṣe ayaba Gẹ̀ẹ́sì ló fún un o.

Ti "Guitar Boy" ti 1966 wá ńkọ́? Ó ní òun pàdé Mami Wata ní Bar Beach lóru lòun fi kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà kò ní bá a jiyàn. Èyí tí kì í ṣe àlọ́ ni ti Ghana. Ní April 17, 1967, àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba, orúkọ tí wọ́n sì fún ètò wọn ni Operation Guitar Boy. Wọ́n pa Ọ̀gágun Kotoka, ṣùgbọ́n ìjọba ò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yìnbọn pa méjì nínú wọn ní gbangba. Ẹni tó kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ ò mọ̀ sí i.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, Uwaifo tún padà sí ilé ìwé. Ó gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Benin, ó kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ó ń gbẹ́ ère, ó kọ́ ilé tó rí bí ọkọ̀ òfúrufú. Ó di kọmíṣánnà l'Ẹ́dó ní 2001. August 28, 2021 ló kú, lẹ́ni 80 ọdún.

Ìyá ẹlẹ́ja gbọ́ ọ tán. "Ṣé Uwaifo yẹn parí iṣẹ́ tó kọ́ ní Yaba?"

"Ó parí ẹ̀, Mọ́mì."

"Kí tèmi náà parí wẹ́dà ná." Ó gbé gìtá lé orí bẹ́ǹṣì. "Ṣùgbọ́n wáyà bíréèkì yìí, ta ló ni ín?"

Ọmọ iṣẹ́ ń wolẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó lọ wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.