Bí Owó Ti Mọ ni Oògùn Ń Mọ



Àwọn kan nínú yín jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba. Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ pé ìjọba fi kún owó oṣù wọn, inú ẹbí a dùn, ẹ̀bẹ̀ owó a sì máa ti ilé lọ bá wọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò àfikún náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba fi £5 kún £100 kọ̀ọ̀kan fún àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí nọ́ọ̀sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kúrò ní £27,055 lọ́dún, ó di £28,407. Àfikún £1,352 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin náà, ohun tí £100 ń rà ní ọdún tí ó ṣáájú ti di nǹkan bí £108.70. Owó pọ̀ sí i, ọjà sì sáré kọjá rẹ̀.

Ìyá ọmọ tí kò lè ṣe iṣẹ́ kíkún ńkọ́? Wákàtí 37½ ni iṣẹ́ kíkún lọ́sẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ìdajì rẹ̀ nítorí ọmọ kékeré, iye kan náà ni a ń san fún un ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìdajì àfikún ni yóò bá a délé: £676 lọ́dún, nǹkan bí £56 lóṣù, kí a tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Owó ilé àti owó iná kì í sì í dín sí ìdajì nítorí tirẹ̀.

Ìjọba tún san owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò dín ní £1,655 fún òṣìṣẹ́ kíkún. Wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n fi pín òun náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé ìlérí oṣooṣù lé. Ẹ fi san gbèsè, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tó ṣèlérí owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìbátan, kí ó gbé ìwé owó oṣù tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Kí ó wo iye tí ó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn owó orí, kí ó sì yọ iye tí oúnjẹ àti owó ilé fi gbówó lórí kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni àfikún. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe bínú sí i bí ó bá kéré: bí owó ti mọ ni oògùn ń mọ.